Ọgọ́fà Kí Ni?

Lọ́dún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní Ìtókò,
ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì wa kán, wọ́n sì rán mi sí bàbá mi,
káfíńtà Ìjẹmọ̀, pé kó bá wa kan òmíràn.
Tíṣà Ṣódípẹ̀ ló wọn gígùn rẹ̀ lójú wa,
èmi ni mo di orí téèpù mú.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mi: ọgọ́fà.
Ọgọ́fà péré. Mo bá sáré sọ̀ kalẹ̀ láàrin àpáta,
bàtà mi ń pariwo, inú mi ń dùn.

Bàbá ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Mùfútáù ọmọọṣẹ́ ló gbàwé,
ẹni tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Rúlà irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀,
mìlímítà ni wọ́n fín sí i lára.
Ó wọn pákó, ó gé e, ó kàn án, ó fi sáńpépà fá a.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá bẹ́ǹṣì wa lórí tábìlì:
ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó ń dán,
kò gùn ju ọwọ́ mi lọ.
Alángbá lè jókòó síbẹ̀, tó bá ká ìrù rẹ̀ kò.

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Kò nà mí.
Ó ní, “Ọgọ́fà kí ni?”
Mo dákẹ́.
“Ẹni tó ní òun ń wá Ṣùbúọlá l'Ábẹ́òkúta,
tí kò dárúkọ àdúgbò, tí kò dárúkọ ilé,
ìgbà wo ni yóò rí i?
Nọ́ńbà tí kò nílé lo kó wá bá wa.”

Ó na téèpù sílẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú pákó.
“Wo ìlà tíńtín yìí: mìlímítà.
Mẹ́wàá wọn ló ń fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ di sẹ̀ntímítà kan.
Kó sẹ̀ntímítà jọ, kó pé ọgọ́rùn-ún,
mítà kan dé, ó kàn mí níbàdí.
Ẹgbẹ̀rún mítà la fi ń ṣe kìlómítà;
ìyẹn ò gba inú ṣọ́ọ̀bù mi, títì ló ni ín.
Tó o bá ń lọ sọ́dọ̀ kékeré, sọ ọ́ di púpọ̀.
Tó o bá ń bọ̀ sọ́dọ̀ ńlá, pín in.
Ẹni tó ṣẹ́ náírà sí kọ́bọ̀, àpò rẹ̀ wúwo sí i,
àmọ́ kò lówó ju tàná lọ.”

Tíṣà gba bẹ́ǹṣì alángbá, ó gbé e síwájú kíláàsì,
ó ń to ṣọ́ọ̀kì lé e.
Ọmọ tó bá kọ nọ́ńbà láìkọ ìwọ̀n rẹ̀,
kò ní bá a wí. Á kàn nawọ́ sí i.

Ìbàdàn ni ìyá mi wà nígbà náà, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì,
ọlidé nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó wálé.
Awakọ̀ kan ní Láfẹ́nwá sọ fún mi pé ọgọ́rin kìlómítà ni,
bí ò lé, á dín díẹ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sún mọ́ àtùpà.
Mo sọ ọ́ di mítà: ọ̀kẹ́ mẹ́rin.
Mo sọ ọ́ di sẹ̀ntímítà: mílíọ̀nù mẹ́jọ.
Mo sọ ọ́ di mìlímítà: ọgọ́rin mílíọ̀nù,
òdo kún ojú ìwé mi bí ẹyin àkèré.
Mo rò pé bí mo bá gé ọ̀nà náà wẹ́wẹ́,
á rọrùn láti gbé.
Ìbàdàn ò sún.

Lọ́jọ́ tó lọ, bàbá mi ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sára òpó ilẹ̀kùn,
níbi tí orí mi dé: méjìdínlọ́gọ́fà sẹ̀ntímítà.
Nígbà tó wálé ní Kérésì, mo dúró, mo na ọrùn,
bàbá mi tún fa òmíràn: mẹ́rìnlélọ́gọ́fà.
“Màámi, sẹ̀ntímítà mẹ́fà! Ọgọ́ta mìlímítà!”
Kò wo téèpù.
Ó fi ìka mẹ́ta dí àárín ìlà méjèèjì,
ó sì ṣe géérégé.
Kò tètè gbé wọn kúrò.